Abọ́ Mẹ́rìnlá Inú Sítọ́ọ̀

Mẹ́tàlá. Yíwọlá tún wọn kà. Mẹ́tàlá náà ni.

Ó jókòó sórí àpótí nínú sítọ́ọ̀ rẹ̀, ó to àwọn abọ́ náà síwájú, ó ń fi ìka kan etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Abọ́ ike ni wọ́n, aláwọ̀ búlúù, wọ́n nípọn, wọ́n sì dára. Àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lára gbogbo wọn. Ó wọ aṣọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, fìlà onígun mẹ́rin wà lórí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín débi pé èjí ẹnu rẹ̀ hàn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ìfẹ́dayọ̀ Ti Kẹ́kọ̀ọ́ Yege, Ẹ Bá Wa Yọ̀.

Mẹ́rìnlá ló yẹ kí wọ́n jẹ́. Ó dá a lójú, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló gbà wọ́n jọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, òun náà ló tì wọ́n sẹ́yìn àpò ẹ̀wà, tó fi aṣọ fèrèsé àtijọ́ bò wọ́n. Láti ọdún méje, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn wọ́n. Èyí tí kò sí yìí ti jáde nílé. Bí ó bá ti jáde nílé, ó lè wà níbikíbi. Bí ó bá sì wà níbikíbi, ìyá ọmọ náà lè rí i.

Ẹ̀yìn ògiri sítọ́ọ̀ yẹn gan-an ni ìyá ọmọ náà ń gbé.

Juliana lorúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun àti Yíwọlá ti jọ ń gbé ní àjà kìíní ilé náà, nínú kílóòsì kan ní Festac, fúláàtì méjì tó fẹ̀yìn ti ara wọn. Yíwọlá ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Juliana ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọgọ́ta ni. Ìyá Ìfẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é nígbà kan, torí pé Ìfẹ́dayọ̀ ni àkọ́bí rẹ̀. Lọ́dún tí ọmọ náà jáde ní yunifásítì, Clement ọkọ Juliana ta kánópì sísàlẹ̀ ilé, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n sì fún gbogbo ẹni tó wá ní abọ́ tí wọ́n tẹ ojú ọmọ náà sí lára. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá báni yọ̀ kì í lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Ọdún kan àti oṣù méjì lẹ́yìn náà, ibà ọjọ́ mẹ́rin pa Ìfẹ́dayọ̀.

Òkú ọ̀fọ̀ ni. Òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ dé ibojì. Ẹ̀gbọ́n Clement ti Ìjẹ̀bú wá, ó ká gbogbo àwòrán tó wà lára ògiri, ó kó aṣọ, ó kó bàtà, ó gba fóònù Juliana, ó pa gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ rẹ́. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó sọ fún àwọn ará ilé pé, "Ẹ bá mi kó ohunkóhun tí àwòrán ọmọ yìí bá wà lára rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ má fojú kàn án mọ́." Nínú pálọ̀, àwọn obìnrin ìjọ ń kọrin, wọ́n ń sọ fún Juliana pé Ọlọ́run ló fún ni, Ọlọ́run ló gbà, pé ọmọ náà ti di áńgẹ́lì. Yíwọlá kò mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ. Ohun tí ọwọ́ lè ṣe ló mọ̀. Ó gba abọ́ mẹ́rìnlá lọ́wọ́ àwọn ará ilé, ó kó wọn dé ìdí dọ́sìbìn ìsàlẹ̀, ó dúró níbẹ̀, ó sì tún kó wọn gòkè padà. A kì í da ọmọ ọlọ́mọ sórí ààtàn.

Kí ọjọ́ náà tó ṣú, kò sí ẹni tó pe Juliana ní Ìyá Ìfẹ́ mọ́. Wọ́n yí i sí Ìyá Ọlákìtán, orúkọ àbúrò ọmọ náà obìnrin. Kò sí ìpàdé tí wọ́n ṣe lé e lórí. Wọ́n kàn ń pè é bẹ́ẹ̀, òun náà sì ń dáhùn.

Ní báyìí Yíwọlá ń kó lọ. Bímpé ọmọ rẹ̀ ti ní àyè fún un ní Alákijà, ní fúláàtì ìsàlẹ̀, orúnkún Yíwọlá kò sì fẹ́ràn àtẹ̀gùn mọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mọ́tò akẹ́rù ń bọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń palẹ̀ mọ́, torí pé ó ní òfin kan tí kò fi ṣeré: ẹni tó ń kó jáde ló ni ìdọ̀tí rẹ̀. Bọ̀dá Richard tó ń gbé lókè wọn lọ ní ọdún méjì sẹ́yìn, kò kí ẹnikẹ́ni. Tìmùtìmù tó ti jẹrà ló fi sórí àtẹ̀gùn, àti fíríìjì tí ẹja wà nínú rẹ̀, tí wọn ò sì tan iná rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mọ́tò akólẹ̀ kò wá. Eku kún gbogbo ilé. Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ Richard, wọ́n á pòṣé kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Orúkọ tó fi sílẹ̀ nìyẹn.

Yíwọlá kò fẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó to ìgò sọ́tọ̀, ó to agolo sọ́tọ̀. Ó ṣí àwọn páálí pẹlẹbẹ, ó fi okùn dì wọ́n. Ó fọ ọ̀rá omi píọ̀-wọ́tà, ó sá wọn gbẹ, ó ká wọn. Ohun tó lè jẹrà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún àwọn akólẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ohun tó bá jẹ́ ike ló kó fún Àpèkẹ́, obìnrin kan tó ń ti ọmọlanke láti Kuje, tó ń gba ike tó ti gbó láti ilé dé ilé, tí àwọn iléeṣẹ́ ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti lọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Àpèkẹ́ wá. Ọjọ́ náà ni Bímpé wá bá ìyá rẹ̀ kẹ́rù.

Yíwọlá dìde lórí àpótí, ó pe Bímpé lórí fóònù.

"Ṣé o mú abọ́ kan nínú sítọ́ọ̀ lánàá?"

"Abọ́ wo, Màmá?"

"Búlúù. Abẹ́ aṣọ fèrèsé."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo fi kó ìdérí ìgò fún obìnrin oníke yẹn. Àwọn ìdérí náà ń fọ́n káàkiri."

"O ò wo ara rẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ wò lára abọ́? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe kíá, pé obìnrin náà ń dúró."

Yíwọlá sọ ohun tó wà lára rẹ̀ fún un.

"Abọ́ Bọ̀dá Ìfẹ́," ni Bímpé wí. "Ẹ ṣì ní wọn? Màmá, ẹ kúkú sọ fún Mọ́mì Ọlákìtán."

"Kí n sọ kí ni?"

"Pé ẹ ní wọn."

"Bó bá ṣe ìwọ ńkọ́? Kí ẹnì kan wá sọ fún ẹ pé òun to ojú ọmọ ẹ jọ sẹ́yìn àpò ẹ̀wà?"

Yíwọlá pa fóònù. Ó tún da aṣọ fèrèsé bo mẹ́tàlá náà.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kuje. Ó bá Àpèkẹ́ láàárín àwọn àpò ìrẹsì tó kún fún ike, ó ń fi ọ̀bẹ gé bébà kúrò lára ìgò.

"Màmá Festac," ni Àpèkẹ́ wí, "ẹ tún ti rí ike míì? Ilé yín mà jinlẹ̀ o."

"Abọ́ búlúù tí ọmọ mi fi kó ìdérí fún ẹ. Mo fẹ́ gbà á padà."

"Èyí tẹ́ ẹ fún mi lọ́jọ́ Túsìdé? Ṣé wúrà ló wà nínú ẹ̀ ni?"

"Kò sí wúrà. Dà á fún mi."

"Kò sí níbí mọ́. Ẹ wò ó, Màmá, abọ́ tó ṣì lágbára bí ìyẹn, kí n kó o fún wọn kí wọ́n lọ lọ̀ ọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo fún Ìyá Dammy, èèyàn mi tó ń ta gààrí ní Apple Junction. Inú ẹ̀ dùn. Ó ní òun máa fi bu gààrí."

Gbogbo ilé wọn ló ń ra gààrí ní Apple Junction. Juliana kì í rà á níbòmíràn.

Ó lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tapólì ló bá lórí tábìlì Ìyá Dammy, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Obìnrin tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ó ti lọ ra ọjà ní Badagry, ó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kó tó dé, Sátidé ló máa tajà. Yíwọlá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun wo abẹ́ tapólì. Ọlọ́sàn wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọjà ni?"

Yíwọlá kò bá a jà. Ó padà sílé.

Ó ń fi ọwọ́ di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú, ó ń fi ẹsẹ̀ kan ṣáájú ìkejì, nígbà tí ó gbọ́ ohùn Juliana lókè.

"Ìyá Bímpé, ẹ ti ń sá lọ kí Sátidé tó pé?"

"Ta ló ń sá? Ṣé orúnkún yìí ló máa jẹ́ kí n sá?"

Juliana rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ilé yìí máa dá o. Ta ni màá máa bá jà lórí ìgbálẹ̀?"

"Ẹni tó bá kó wọlé. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lẹ́nu ná."

"Ẹnu wo ló máa tó tiyín?"

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Yíwọlá. Juliana gbé àpò kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ń wo àwọn páálí tí Yíwọlá dì.

"Ẹni tó ń lọ máa ń fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹni tó kù," ó ní. "Kí lẹ máa fi sílẹ̀ fún èmi?"

"Mo ti ya ọlọ sọ́tọ̀ fún ẹ. Ọlọ àti ọmọ rẹ̀."

"Ẹ ṣé o. Ọlọ dáa." Ó ṣì dúró. Ojú rẹ̀ kọjá èjìká Yíwọlá, ó lọ sí ẹ̀yìn, síbi ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀. "Sítọ́ọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ti kó ibẹ̀ tán?"

Yíwọlá yí ara díẹ̀, ó fi ara dí ọ̀nà. Ó rò pé òun ti ta á lólobó, pé àṣírí òun ti tú. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Pàǹtírí lásán ni."

"Pàǹtírí," ni Juliana wí. Ó mi orí. "Ó dáa."

Ó wọ fúláàtì tirẹ̀, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Yíwọlá pinnu. Kò lè kó àwọn abọ́ náà lọ sí Alákijà, nítorí Ọlákìtán àti ìyá rẹ̀ á máa wá kí i níbẹ̀. Kò lè fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, torí ẹni náà á mú wọn jáde láìmọ̀, á fi ṣan ìrẹsì ní bálíkóònì. Kò lè kó wọn fún Àpèkẹ́ bí wọ́n ṣe wà, ó ti rí ibi tí ìyẹn já sí. Bó bá sun wọ́n, èéfín ike á kún ilé onílé. Àti pé ta ló ń ti iná bọ ojú ọmọ? Ohun kan ló kù. Bí kò bá sí ojú lára abọ́, abọ́ lásán ni.

Ó gbé wọn lọ sí ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi ẹ̀rọ kí ariwo má baà jáde, ó da kẹrosíìnì sí ara kànìnkàn onírin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha wọ́n.

Kò rọrùn. Ọ̀dà náà mọ́ ike pẹ́kípẹ́kí. Fìlà ló kọ́kọ́ ń lọ, lẹ́yìn náà aṣọ, lẹ́yìn náà iwájú orí. Ẹnu ló ń pẹ́ jù. Ojú lè ti lọ tán kí èjí ṣì wà níbẹ̀, kó ṣì máa rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́dayọ̀ ló máa ń bá a gbé omi gòkè nígbà tí ẹ̀rọ omi ilé bàjẹ́, kéègì méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kò sì gba nǹkan kan ju orógbó lọ, torí pé ó fẹ́ràn láti máa dẹ́rù ba Bímpé pẹ̀lú bí ó ṣe ń rún un. "Má bínú," ni Yíwọlá ń wí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Nítorí ìyá rẹ ni." Ìka rẹ̀ bó. Nígbà tó máa fi kan ìkẹtàlá, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò ha gbogbo lẹ́tà ìsàlẹ̀ tán. Lára abọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣẹ́ kù.

Ó to gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ kí wọ́n gbẹ. Ó pe Àpèkẹ́ pé kó wá gbé wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó rò pé ọ̀kan tó wà ní Apple Junction ni ìṣòro tó kù.

Mọ́tò akẹ́rù tètè dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bímpé wà nísàlẹ̀, ó ń bá awakọ̀ jiyàn lórí bí wọ́n ṣe máa to àga. Yíwọlá wà ní pálọ̀ nígbà tí Juliana wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Àṣà ilé náà ni: ẹni tó ń lọ kì í dá gbá ilé kẹ́yìn. Ẹni tó kù máa ń bá a gbá a, kí wọ́n má baà sọ pé ìjà ló lé e jáde.

"Ẹ gbá pálọ̀, kí n gbá ẹ̀yìn," ni Juliana wí.

"Má dé ẹ̀yìn. Mo ti gbá ibẹ̀."

"Bẹ́ ẹ ṣe ń gbálẹ̀ bí ọkùnrin yìí? Mò ń rí erùpẹ̀ látibí."

Kí Yíwọlá tó lè na ọwọ́, ó ti kọjá. Ìró ìgbálẹ̀ ń lọ, ó ń lọ, ó sì dúró. Yíwọlá ń dúró kó tún bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ tó wúwo lọ sẹ́yìn.

Juliana bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilé ìwẹ̀. Abọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ibi tí ojú wà ti di funfun, ó họ, ó ṣe ṣákaṣàka bí ara ẹni tí iná jó. Nísàlẹ̀ rẹ̀, "dayọ̀" ṣì wà.

"Mélòó ni?" ni Juliana bi í.

"Mẹ́tàlá."

"Ẹ ha gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Juliana fi àtàǹpàkò ra ibi tó họ náà. "Mo gbọ́ òórùn kẹrosíìnì lánàá. Mo ní bóyá sítóòfù lẹ ń fọ̀."

"Nítorí ẹ ni," ni Yíwọlá wí. "Mi ò fẹ́ kó o rí i."

"Ta ló sọ fún yín pé mi ò fẹ́ rí i?"

Ẹ̀gbọ́n Clement ló sọ ọ́. Gbogbo ilé ló sọ ọ́. Yíwọlá kò rántí pé ẹnì kankan bi Juliana.

"Mo mọ̀ pé wọ́n wà lọ́dọ̀ yín," ni Juliana wí. Kò gbé ohùn sókè. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo wà lórí ibùsùn, mò ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń tò wọ́n. Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Mo kà wọ́n pẹ̀lú yín. Kí lẹ rò pé mo fi gbé bẹ́ẹ̀dì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn?"

"O ní torí atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn wo ló ń jáde látinú ògiri? Bí ọjọ́ ìbí ẹ̀ bá pé, màá fẹ̀yìn tì í. Màá ní, ó wà níbẹ̀ yẹn." Ó gbé abọ́ náà lé orí àwọn yòókù, ó tún gbé e. "Wọn ò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi. Ọlákìtán ní fọ́tò nínú fóònù, tí mo bá ní kó jẹ́ kí n wò ó, á ní, Mọ́mì, ẹ má ronú mọ́, á sì fi fóònù pamọ́. Mò ń gbàgbé imú ẹ̀, Ìyá Bímpé. Mo rántí eyín, mi ò rántí imú mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ tí Ìyá Bímpé bá ń lọ, á fún mi ní ọ̀kan. Mo tiẹ̀ bi yín ní Tọ́sìdé. Ẹ ní pàǹtírí ni."

Yíwọlá dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló wà tí àwọn obìnrin ìjọ ì bá sọ. Kò wá ọ̀kankan nínú wọn. Láti Ọjọ́rú ló ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí Juliana má rí abọ́ kan. Ní báyìí ó ń bẹ̀ Ẹ́ pé kí abọ́ yẹn má tíì fọ́.

"Ọ̀kan ṣẹ́ kù," ó ní. "Ó wà ní Apple Junction. Obìnrin kan fi ń bu gààrí. Mi ò fọwọ́ kan ojú ẹ̀."

Juliana gbé ìgbálẹ̀ tira ògiri. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Bímpé pè wọ́n nísàlẹ̀, "Màmá, níbo? Mọ́tò ti fẹ́ kún." Wọn kò dá a lóhùn. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́. Bí kẹ̀kẹ́ náà ti ń já sí kòtò, tó sì ń jáde níbẹ̀, èjìká wọn ń kan ara wọn, Juliana sì ń yọ tirẹ̀ kúrò.

Ìyá Dammy ti ṣí tapólì. Gààrí funfun àti pupa ló kó jọ bí òkè méjì, abọ́ búlúù náà sì dúró lórí èyí tó funfun. Ó kọjú sí títì. Ìyẹ̀fun gààrí ti bò ó dé àgbọ̀n, ṣùgbọ́n ojú wà, imú wà, èjí wà.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin màmá," ni Ìyá Dammy wí. "Èyí kan dáadáa, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ kan. Èwo ni kí n wọ̀n?"

Yíwọlá fẹ́ sọ̀rọ̀. Juliana di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Wọn kóńgò méjì fún mi," ó ní.

Ìyá Dammy ki abọ́ bọ inú gààrí. Ojú ọmọ náà wọlé, ó jáde, ó wọlé, ó jáde. Juliana kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Mo mà ń kún un o, Màmá. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀."

"Abọ́ yẹn ni mò ń wò."

"Ẹ̀yin nìkan kọ́. Láti àárọ̀ yìí, ẹni mẹ́ta ló ti bi mí bóyá ọmọ mi ni. Mo ní ká ní èmi ni mo bí eléjìí yìí, ṣé ìdí gààrí ni màá máa jókòó sí?"

"Èmi ni mo bí i," ni Juliana wí.

Ìyá Dammy gbé ojú sókè. Ó wo abọ́, ó wo Juliana. "Lóòótọ́. Ó jọ yín gan-an ni. Imú yín nìyẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ibo ló wà báyìí?"

Ó wá sórí ahọ́n Yíwọlá pé kó ní ó wà lókè òkun. Bí gbogbo wọn ti máa ń ṣe nìyẹn, bí àlejò bá bèèrè: ẹnì kan á tètè yí ọ̀rọ̀ náà padà kó tó kan ìyá rẹ̀ lára. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ṣòro fún un.

"Ó ti kú," ni Juliana wí. "Ó pé ọdún méje. Ìfẹ́dayọ̀ lorúkọ ẹ̀."

Ìyá Dammy da gààrí inú abọ́ náà padà. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu inú rẹ̀, ó nu ẹ̀yìn rẹ̀, ó rọra nu ojú náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Juliana. Ó wọn gààrí náà pẹ̀lú agolo, ó dì í. Juliana fi ìka kan imú tó wà lára abọ́. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan náà kan imú ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu kílóòsì, Juliana yíjú sí i.

"Mi ò tíì lè bá yín sọ̀rọ̀ dáadáa, Ìyá Bímpé."

"Mo mọ̀."

"Ẹ má bẹ̀ mí lónìí."

"Mi ò ní bẹ̀ ẹ́."

Wọ́n gòkè. Juliana mú ìgbálẹ̀ tó gbé ti ògiri, ó gbá ẹ̀yìn títí dé ẹnu ọ̀nà, ó kó erùpẹ̀ náà, ó sì lọ. Kò fi í sílẹ̀ láàbọ̀. Ọlọ wà nílẹ̀ níbi tí Yíwọlá yà á sọ́tọ̀ sí. Kò gbé e.

Nísàlẹ̀, Àpèkẹ́ ti dé pẹ̀lú ọmọlanke. Ó rí Yíwọlá tó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú abọ́ mẹ́tàlá tí ó gbé lé ara wọn, ó ya ẹnu àpò sílẹ̀. Yíwọlá kọjá rẹ̀.

"Màmá, ṣebí ẹ ní kí n wá kó wọn?"

"Má bínú. Mo ti yí èrò padà."

Bímpé tì í gun iwájú mọ́tò. Awakọ̀ wo ẹrù tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Màmá, àyè ò tó níbí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe họ. Ẹ ò bá fi wọ́n sílẹ̀ fún akólẹ̀."

"Tèmi ni wọ́n," ni Yíwọlá wí.

Ó gbé ojú sókè. Juliana dúró ní bálíkóònì, abọ́ búlúù náà wà ní àyà rẹ̀, àwòrán ọmọ náà kọjú síta. Yíwọlá yọ orí lójú fèrèsé mọ́tò.

"Ìyá Ìfẹ́," ó pè é.

Obìnrin kan tó ń sá aṣọ ní fúláàtì ìsàlẹ̀ yára gbé ojú kúrò. Bímpé di apá ìyá rẹ̀ mú.

"Ẹ̀n," ni Juliana dáhùn láti òkè.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ tan mọ́tò. Gbogbo kòtò tó wà láti ibẹ̀ dé Alákijà ni àwọn abọ́ náà fi ń kan ara wọn lẹ́sẹ̀ Yíwọlá, kọ̀, kọ̀, kọ̀, ó sì fi apá rẹ̀ méjèèjì yí wọn ká kí wọ́n má baà bọ́.